Omi Tí Wọ́n Rọ Sí Mi Létí

Òórùn gàrí tó ń gbẹ nínú agbada, pẹ̀lú èéfín igi tútù, ni mo fi ń rántí ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà. Mo jókòó ti iná lẹ́yìn ilé wa nítòsí Kétu, ọmọbìnrin mi tí kò tíì rìn ń sùn lẹ́yìn mi. Etí òsì mi kọ́kọ́ dí, ó ń hó bí òjò tó ń bọ̀ lókèèrè. Kí n tó dìde, ilẹ̀ yí. Mo nawọ́ láti di nǹkan mú, agbada gbígbóná ni ọwọ́ mi bà. Ìyá ọkọ mi ló fà mí sẹ́yìn kí èmi àti ọmọ tó ṣubú sínú iná.

Láti ọjọ́ náà, mi ò pọn ọmọ mi mọ́. Bó bá nawọ́ sí mi, màá wá iṣẹ́ kan ṣe. O ò lè mọ bó ti rí kí ìyá máa bẹ̀rù ẹ̀yìn ara rẹ̀. Òòyì náà ń padà wá, mo sì ń bì. Àwọn kan ní ibà ni, àwọn kan ní ọwọ́ ayé ni.

Nígbà tó yá, wọ́n ní ká lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Kutọnu. Ìyá ọkọ mi bá mi lọ, òun ló pọn ọmọ. Dókítà etí tí a bá níbẹ̀, obìnrin ará Pobè ni, ó sì ń bá wa sọ Nàgó, Yorùbá tiwa. Ó mú mi wọ yàrá kékeré kan tí ariwo kò lè wọ̀, ó fi nǹkan bò mí létí, ó ní kí n máa tẹ bọ́tìnnì bí mo bá ti gbọ́ ohùn. Etí ọ̀tún gbọ́. Ní ti òsì, mo kàn jókòó, mò ń retí.

Ó ní ó ku àyẹ̀wò kejì: wọ́n á rọ omi tútù, lẹ́yìn náà omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, sí mi létí, ayé á sì yí. Ó ní kí n dùbúlẹ̀ sórí ibùsùn.

“Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ti àkọ́kọ́ ò tó ni?”

“Ti àkọ́kọ́ sọ ohun tí etí yín ń gbọ́, ìyá ọmọ. Kò lè sọ bó ṣe ń gbé yín dúró kí ẹ má baà ṣubú. Inú etí kan náà ni méjèèjì wà, ṣùgbọ́n ọ̀kan lè bàjẹ́ kí èkejì má bàjẹ́.”

Ìyá ọkọ mi di ẹsẹ̀ mi mú. “Ìyàwó mi, mo wà níbí.”

Wọ́n fi awò dúdú bò mí lójú, wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀tún. Òsì ni mo ń bẹ̀rù. Àmọ́ bí omi tútù ṣe wọ ọ̀tún báyìí, ibùsùn gbéra bí ẹni pé ìjì gbé e. Mo kígbe. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni pé ọ̀tún náà ti lọ, pé ọmọ mi kò ní í gun ẹ̀yìn mi mọ́ láéláé. Ó ṣe díẹ̀, òòyì náà rọlẹ̀, ó dúró. Nígbà tó kan òsì, mo di irin ibùsùn mú, mo ń dúró de ìjì, ṣùgbọ́n ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí nǹkan kan. Bákan náà ló rí pẹ̀lú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́.

Mo ń sunkún nígbà tí wọ́n ṣí mi lójú. “Méjèèjì ló bàjẹ́, àbí? Ọ̀tún ló yí mi jù.”

Dókítà fa àga sún mọ́ mi. “Rárá o. Etí tí ara rẹ̀ bá dá, bí omi bá kàn án, ayé gbọ́dọ̀ yí. Òsì tó dákẹ́ yẹn ni aláìsàn. Ti ìgbọ́ràn sọ òsì, ti omi náà sọ òsì. Ọ̀rọ̀ wọn bára mu.”

Ó fún mi ní oògùn, ó ní kí n dín iyọ̀ kù, kí n sì jókòó bí etí bá ti ń hó. Àìsàn náà ṣì ń bẹ̀ mí wò, mi ò ní purọ́ fún ọ. Ṣùgbọ́n ó ṣe, ìyá ọkọ mi gbé ọmọ lé mi lẹ́yìn nínú yàrá, ó fọwọ́ tì í títí mo fi so ọ̀já. Mo rìn dé ẹnu ọ̀nà, mo sì padà.

Kí n tó lọ sí Kutọnu, mo gbà pé lọ́jọ́ kan òòyì náà á gbé mi lọ, kò ní í dá mi padà. Ṣùgbọ́n mo ti dùbúlẹ̀ kí ẹlòmíràn fi omi díẹ̀ dá a sílẹ̀ lára mi, mo sì wà láàyè, mo ń gbọ́ bó ti ń tán. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí. Àmọ́ mo ti mọ̀ pé ó máa ń tán.