Ọbẹ̀ Ẹja Tí Mo Fi Ṣe Àlejò

Títí dòní, bí òórùn ọbẹ̀ ẹja bá ta sí mi nímú, ojú a kọ́kọ́ tì mí kí ebi tó pa mí.

Ọdún tí mo ṣubú ní ìsọ̀ aṣọ mi ní ọjà Adjamé, nílẹ̀ elédè Faransé tí mo ń gbé, ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún egungun ìbàdí mi. Láti orí bẹ́ẹ̀dì dé ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ìrìn àjò ni. Dókítà ní kí n máa jẹ ẹja, ẹyin àti ẹ̀fọ́ dáadáa, kí ọgbẹ́ lè tètè jiná. Ìyàwó ọmọ mi, ọmọ Baoulé, ẹ̀yà onílẹ̀ ibẹ̀, tí mo bá ọmọ mi jà lé lórí kó tó fẹ́ ẹ, ló gba iṣẹ́ náà ṣe. Láràárọ̀ ló ń wọ bọ́ọ̀sì láti Bingerville níbi tí òun àti ọmọ mi ń gbé, pẹ̀lú abọ́ ọbẹ̀ ẹja onídérí lórí itan.

Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ wa kò sì jẹ́ kí ilé mi dá. Wọ́n ń wá kí mi kú ewu, èmi tí n kò lè dìde dáná sì gbà pé àlejò kì í lọ láìfọwọ́ kan oúnjẹ. Abọ́ ìyàwó ọmọ mi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ni mo ń ṣí fún wọn. “Ẹ bá mi jẹ ẹ́, ẹnu mi ò gba nǹkan.” Irọ́ gbuu! Itọ́ ń dà lẹ́nu mi. Bí wọ́n bá lọ tán, omi ọbẹ̀ tó kù ni mo fi ń jẹ àtíkẹ́, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ tibẹ̀. Ojú àlejò la ti ń jẹ gbèsè, ẹ̀yìn rẹ̀ la ti ń san án.

Ọgbẹ́ kọ̀, kò jiná. Dókítà bi ìyàwó ọmọ mi bóyá lóòótọ́ ló ń fún mi lóúnjẹ. Ó wojú mi pé kí n gba òun sílẹ̀. Mo dákẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, ó gbàgbé fóònù sílé mi, ó padà wá mú un, ó bá oníṣòwò ará Ògbómọ̀ṣọ́ méjì nídìí ẹja rẹ̀. Ó dúró títí wọ́n fi lọ.

“Maman, mi ò sè é fún àlejò, ẹ̀yin ni mo sè é fún. Docteur ní mi ò fún yín jẹun, ẹ sì dákẹ́.”

Kò pariwo. Ì bá pariwo, ì bá sàn fún mi. Ó fọ abọ́ rẹ̀, ó gbé e lọ. Láti ọjọ́ náà, ọmọ mi ló ń ra oúnjẹ wá.

Mo ti ń fi ọ̀pá rìn báyìí. Ẹni tó mọ inú rò ló mọ ọpẹ́ dá. Èmi kò rò ó lásìkò. Mo ti bẹ ìyàwó ọmọ mi, ó ní ó ti tán. Bí mo bá lọ sí Bingerville, á kúnlẹ̀ kí mi, á tẹ́ aṣọ sórí tábìlì, á gbé àwo tó dára jù síwájú mi. Lẹ́yìn náà, òun àti àwọn ọmọ á lọ jẹ tiwọn ní ilé ìdáná, nínú abọ́ kan. Mo máa ń gbọ́ ẹ̀rín wọn níbi tí mo jókòó sí, bí àlejò.