Ẹ̀bẹ̀ tí Mo Lọ Bẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́

Mo rántí ìgbà tí wọ́n ń pè mí ní Màmá Onílàjà nínú ilé tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé ní Lasunwon, ní Ìkòròdú. N kò tíì lè se ìrẹsì kó má jóná, ṣùgbọ́n bí ìjà bá dé láàárín ẹni méjì tó ń fẹ́ra, èmi ni wọ́n ń sáré wá pè. Màá jókòó bí àgbà, màá wúkọ́, màá sọ fún ọmọbìnrin pé kó ní sùúrù, ọkọ ẹ̀ ṣáà ni. Bí gbogbo wa ṣe ń pe àwọn ọmọkùnrin náà nìyẹn, bẹ́ẹ̀, kò sí ìdílé kankan tó tíì ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń gbé yàrá kan. Ọmọkùnrin kíláàsì wa tó ń fẹ́ ẹ a máa gba fóònù rẹ̀ yẹ̀ wò, a sì máa sọ ẹni tó lè bá sọ̀rọ̀ fún un. Mo ní ìfẹ́ ló ń pa á. Nígbà tó gbá a létí ní bọ́sítọ́ọ̀pù Benson lójú gbogbo ayé, ọ̀rẹ́ mi di ẹrù rẹ̀, ó wọkọ̀ lọ bá ìyá rẹ̀.

Nílẹ̀ wa, bí ìyàwó bá bínú lọ sílé, ọkọ a rán ẹlẹ́bẹ̀ tẹ̀lé e. Ọmọkùnrin náà rán mi, inú mi sì dùn pé ó kà mí sí àgbà. Mo kúnlẹ̀ níwájú ìyá náà níbi tí wọ́n ti ń yan ẹja. Èéfín ń ta mí lójú, omijé rẹ̀ sì jọ ẹkún gidi.

"Ahọ́n àti ẹnu ń jà, mà. Ọkọ ẹ̀ ní ká bá òun bẹ̀ yín."

"Ọkọ wo? Ta ló fọmọ mi fọ́kọ?"

"Ẹ má bínú, mà. Ó ti búra pé òun ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Èmi ni onídùúró ẹ̀."

Wọ́n wò mí títí. "Ìwọ ni mo mọ̀ o. Mi ò mọ ọmọkùnrin yẹn."

Ọ̀rẹ́ mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ẹ̀rù ń bà mí." Èmi ni mo gbé báàgì rẹ̀ sínú ọkọ̀.

Kò pẹ́ tí ọmọkùnrin náà tún fi lù ú, nítorí pé ọ̀rẹ́ mi bá ẹlòmíì rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ni etí òsì rẹ̀ kò ti gbọ́ràn mọ́. Wọ́n lé ọmọkùnrin náà nílé ìwé, ṣùgbọ́n lílé yẹn kò dá etí padà. Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn. Tèmi fọ́ sórí ẹni ẹlẹ́ni.

Èmi náà ti bí ọmọbìnrin báyìí. Bí mo bá gbọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ kan pe ọ̀rẹ́kùnrin rẹ̀ ní ọkọ, ara mi a bù máṣọ. Ẹni tó bá sá fún ìyà, ọ̀nà ló yẹ ká là fún un, kì í ṣe ká rán ẹlẹ́bẹ̀ sí i.

Ọ̀rẹ́ mi kò dá mi lẹ́bi rí. Ìyá rẹ̀ ṣì ń di ẹja fún mi bí mo bá lọ kí wọn. Nígbà Iléyá tó kọjá, èmi àti ọ̀rẹ́ mi jókòó lẹ́yìnkùlé wọn, à ń ṣa ẹ̀wà. Mo ní, "Jọ̀ọ́, dárí jì mí. Èmi ni mo fà ẹ́ padà." Kò gbójú sókè, ó ń ṣa ẹ̀wà rẹ̀ lọ. Ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀ ni mo jókòó sí, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ jókòó síbẹ̀ ni. N kò tíì sọ ọ́ sí etí ọ̀tún.