Pèrègún Mẹ́rin Lórí Òkè Akuapem

Nígbà tí mo wà ní ọmọdébìnrin tí ẹsẹ̀ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tó pẹ́dàlì kẹ̀kẹ́, kò sí ohun tí mo ń retí lọ́dún tó ìgbà tí ọyẹ́ bá ń kógbá wọlé. Ẹ̀yin ọmọ òde òní lè rò pé Kérésìmesì ni mo máa sọ. Rárá o. Sabon Zongo là ń gbé nílùú Accra níbí, bàbá mi sì ń ta ẹ̀yà ara kẹ̀kẹ́ ní ọjà Okaishie. Ní Sátidé kan lọ́dọọdún, bí ọyẹ́ bá ti ń lọ, á ti ìsọ̀ rẹ̀ kí oòrùn tó mú, àwa méjèèjì á gun kẹ̀kẹ́ wa, ó di orí òkè Akuapem. Ibẹ̀ la ó sùn, ọjọ́ kejì la ó tó padà.

Inú ìyá mi kì í dùn sí i. Á ní ta ló fẹ́ fẹ́ ọmọbìnrin tí orúnkún rẹ̀ kún fún àpá báyìí. Síbẹ̀, òun náà ló ń di gàrí àti ṣítò fún wa, ata dúdú tí wọ́n fi ẹja dín, tí kì í bàjẹ́ lójú ọ̀nà. Bàbá mi á so tapólì tí a máa sùn lé mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ tirẹ̀, èmi á gbé ike omi. Ilẹ̀ máa ń tẹ́jú títí a ó fi kọjá Madina, lẹ́yìn náà ni òkè á wá fojú wa rí màbo. A ó sọ̀ kalẹ̀, a ó máa ti kẹ̀kẹ́, eruku á ti sọ irun wa di funfun. Bàbá mi á wò mí, á ní, "Ìyá arúgbó, ẹ kú ìrìn o." Báyìí tí irun mi funfun láìsí eruku, mo ṣì ń gbọ́ ohùn rẹ̀.

Pápá gbalasa kan wà lórí òkè náà, tí igi ńláńlá dúró káàkiri inú rẹ̀. Àgbẹ̀ kan, ọmọ Akuapem, ló ni ín. Lọ́dún tí a kọ́kọ́ débẹ̀, bàbá mi bá a tún kẹ̀kẹ́ rẹ̀ tó ti dẹnu kọlẹ̀ ṣe, kò sì gba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ìgbà náà, bó bá ti rí wa, á gbé bọ̀ọ̀lì wá. Alata ló ń pe bàbá mi, bí wọ́n ṣe ń pe gbogbo àwa Yorùbá ní Ghana, ṣùgbọ́n lẹ́nu tirẹ̀, bí ẹni pe ọmọ ìyá rẹ̀ ni.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, níbi tí a ti ń jẹun, ó yíjú sí bàbá mi, ó ní, "Alata, me nua, fa nsa bra kɛkɛ." Ìyẹn ni pé, arákùnrin mi, ṣáà ti mú ọtí wá. Ọtí ni wọ́n fi ń gba ilẹ̀ lọ́wọ́ onílẹ̀ níbẹ̀. Ohun tó ń sọ ni pé ibi tí a ń tẹ́ tapólì sí yẹn, kí bàbá mi máa mú un.

Inú mi dùn gan-an. Mo ti rí ilé wa níbẹ̀, mo ti mọ ibi tí fèrèsé mi máa kọjú sí. Ṣùgbọ́n bàbá mi rẹ́rìn-ín, ó fi Twi dá a lóhùn pé òun dúpẹ́ gan-an, pé ilé òun ń dúró de òun ní Ọ̀fà, àlejò lòun níbí.

Ẹ má tètè dá bàbá mi lẹ́bi. Ó wà lára ìwọ̀nba Yorùbá tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí ìjọba ní kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé máa lọ. Ìṣojú rẹ̀ ni àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi ilé tí wọ́n fi òógùn kọ́ sílẹ̀, tí wọ́n gbé ẹrù karí. Látìgbà náà, gbogbo páànù àti irin tó bá rà, Ọ̀fà ló ń gbà lọ. Ilé làbọ̀ sinmi oko, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ nìyẹn.

Nígbà tí a dé ibẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e, a bá pèrègún mẹ́rin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ ewé, ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ibi tí a máa ń sùn. Ta ni kò mọ ohun tí pèrègún ń sọ lórí ilẹ̀? Ààlà ni. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lọ́dọ̀ àwọn ará Akuapem. Bàbá mi dúró, ó wò wọ́n. Ó wá lọ tẹ́ tapólì wa sí ẹ̀yìn ààlà, níta. Mo bẹ̀ ẹ́ pé ká sún wọlé, pé tiwa ni. Ó ní kí n jẹun.

Nígbà tó di òwúrọ̀, àgbẹ̀ náà gbé bọ̀ọ̀lì wá. Ó rí ibi tí a sùn. Ó gbé oúnjẹ náà kalẹ̀, ó sì yí padà láìjókòó. A ò lọ síbẹ̀ mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Bàbá mi ní orúnkún ń dun òun.

Kò sì padà sí Ọ̀fà. Ọdún tó ń bọ̀, ọdún tó ń bọ̀, títí ó fi kú, Accra náà la sin ín sí. Nígbà tí mo lọ wo ilé tó kọ́, ẹbí ló kún inú rẹ̀. Wọ́n gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀, wọ́n ń pè mí ní ọmọ Ghana. Kò pẹ́ tí ọ̀kan nínú wọn bi mí pé, "Ìgbà wo lẹ máa padà sílé?" Kò fi bú mi. Ṣùgbọ́n inú yàrá tí bàbá mi kọ́ fún ara rẹ̀ ni mo wọ̀ lọ, mo sì sunkún.

Láìpẹ́ yìí, ọmọ-ọmọ mi fi ọkọ̀ gbé mi gun òkè náà. Àwọn ọmọ àgbẹ̀ yẹn ti ta ilẹ̀, ògiri gíga sì ti yí pápá náà ká. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì bi mí pé ta ni mo wá. Bí mo ṣe gbójú sókè, mo rí orí pèrègún méjì tó yọ lókè ògiri.

Ayé ti yí, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ̀ ń fi fóònù ra ilẹ̀ níbi tí ẹ ò fẹsẹ̀ tẹ̀ rí, bóyá ẹ sì gbọ́n jù wá lọ. Ṣùgbọ́n ògiri ni wọ́n fi ń pa ààlà báyìí, àlejò tó bá sì rí ògiri ti mọ̀ pé kóun máa lọ ni.

"Grandma, ta ló plant wọn?" Ọmọ-ọmọ mi ló ń bi mí, ó nàka sí pèrègún méjì náà.

Mo ní, "Ẹnì kan tó fẹ́ ká dúró ni."