Ẹ́ńjìnnì Tí Bàbá Mi Ṣèwádìí Rẹ̀

Títí di òní, bí mo bá rántí ọkọ̀ bàbá mi, òórùn èlùbọ́ ló máa ń kọ́kọ́ wá sí mi nímú, kì í ṣe òórùn epo. Ọkọ̀ àtijọ́ ni, elẹ́yìn gígùn, tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kó iṣu láti Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí lọ sí Ṣakí kí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tó kú pátápátá lábẹ́ igi máńgòrò iwájú ilé wa. Adìyẹ ti ń yé ẹyin sórí àga ẹ̀yìn. À bá ti tà á fún àwọn tó ń ra irin àlòkù, bí kì í bá ṣe ti Ìyá Ìsẹ́yìn.

Ìyá Ìsẹ́yìn ni a ń pe ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, ẹni tó tọ́ bàbá mi dàgbà kó tó lọ sílé ọkọ ní Ìsẹ́yìn, níbi tó ti ń ta aṣọ òkè. Owó aṣọ rẹ̀ wà lára owó tí wọ́n fi ra ọkọ̀ náà, ó sì ti sọ lọ́jọ́ tí wọ́n rà á pé ọkọ̀ náà ni yóò gbé òun wálé bí òun bá darúgbó. Nígbà tí àìsàn wá dá a dùbúlẹ̀, ó ránṣẹ́ pé òun fẹ́ wálé, ṣùgbọ́n òun kò ní wọ ọkọ̀ ẹlòmíràn. A bẹ̀ ẹ́ títí, kò gbà. Bàbá mi náà ní òun kò ní fi ọkọ̀ ẹlòmíràn lọ gbé e. Ọmọ ìyá ni wọ́n, orí kunkun kan náà ni wọ́n jọ pín.

Èmi ni wọ́n ní kí n wá ẹ́ńjìnnì. Mo ka ara mi sí ọ̀gá nínú ọ̀rọ̀ ọkọ̀ nígbà náà, nítorí pé mo ti wo fídíò púpọ̀ lórí fóònù. Ẹ́ńjìnnì ńlá ló wà lọ́kàn mi, èyí tí yóò máa bú ramúramù, tí màá fi máa da eruku bo gbogbo bọ́ọ̀sì tó wà lójú títì. Pé ìyá arúgbó tó ń ṣàìsàn ni a fẹ́ fi gbé, n kò tilẹ̀ ronú débẹ̀. Mo mú bàbá mi lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń ta ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ ní Ṣakí. Bàbá mi jókòó, ó tún fìlà rẹ̀ ṣe, ó ní òun wá ṣe ìwádìí, gẹ́gẹ́ bí a ti máa ń ṣe bí ọmọ wa bá fẹ́ gbé ìyàwó.

“Ilé ta ló ti wá?”

“Òkè òkun ni, Bàbá.”

“Kí ló dé tó fi kúrò nílé ọkọ àkọ́kọ́?”

Ọkùnrin náà wo ojú mi, mo wo ilẹ̀. “Ọkọ̀ tó wà nínú rẹ̀ ló ní jàǹbá, Bàbá.”

“Ṣé òun ló fà á?”

“Bàbá, ẹ́ńjìnnì ni o.”

“Mo gbọ́. Ṣé òun ló fà á?”

Bí a ṣe pàdánù ẹ́ńjìnnì ńlá mi nìyẹn. Èkejì tí wọ́n fi hàn wá, inú ọkọ̀ tó ń gbé òkú ni wọ́n ti yọ ọ́. Ó mọ́ tónítóní, kò sì tíì ṣiṣẹ́ púpọ̀. Bàbá mi dìde. “Ibì kan ṣoṣo ni èyí mọ̀ ọ́n lọ,” ni ó wí, “ẹ̀gbọ́n mi kò sì tíì fẹ́ lọ síbẹ̀.”

Lẹ́yìn èyí ni a gbọ́ láti Ìsẹ́yìn pé Ìyá kò lè mu ju ẹ̀kọ díẹ̀ lọ mọ́. Ẹ̀rù bà mí, inú sì bí mi sí bàbá mi gan-an. Bí mo ti ń pariwo mọ́ ọn nínú ọkàn mi ni ó ti ọ̀dọ̀ Ìyá Ẹlẹ́rọ dé, aládùúgbò wa tó ń lọ gbodo, iṣu gbígbẹ tí a fi ń ṣe èlùbọ́, àti àgbàdo. Ìyá Ẹlẹ́rọ ti ra ẹ̀rọ tuntun tó ń lo sólà, ó sì ti ti ẹ́ńjìnnì oní-dísẹ́ẹ̀lì àtijọ́ sẹ́yìn ilé. Bàbá mi ní òun ti rí ìyàwó.

“Bàbá, ẹ̀rọ èlùbọ́ ni!”

“Ojú mi ló ṣe dàgbà. Kò ya wèrè rí, kò bá ẹnikẹ́ni jà rí. Ó níwà.”

Mẹkáníìkì wa rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Nígbà tó rí i pé bàbá mi kò rẹ́rìn-ín, ó dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jó irin. Ẹ́ńjìnnì náà ga tó bẹ́ẹ̀ tí a fi yọ ìdérí iwájú ọkọ̀ kúrò, ihò èéfín rẹ̀ sì yọ sókè níwájú èmi tí mo fẹ́ wakọ̀. Ọwọ́ ni a fi ń yí i kó tó gbiná. Bàbá mi ní, “Bísímílà,” a sì gbéra, gbà-gbà-gbà-gbà, pẹ̀lú ìyẹ̀fun èlùbọ́ àtijọ́ tó ń fẹ́ sí wa lójú.

Ní ìlú tí a kọ́kọ́ dé, kí a tó dé ọjà wọn ni àwọn obìnrin ti ń gbé agbada gbodo àti igbá àgbàdo jáde. Wọ́n gbọ́ ìró tí etí wọn mọ̀, wọ́n rò pé ẹlẹ́rọ ti dé. Ọ̀kan ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, kò sì sáré rárá.

“Ṣé ẹ máa dúró ni, àbí ẹ ń lọ̀ ọ́ bí ẹ ṣe ń lọ?”

“Ẹ má bínú, aláìsàn la fẹ́ lọ gbé,” ni bàbá mi dá a lóhùn.

“Ọlọ́run á fún un ní àlàáfíà. Ẹ bá mi lọ díẹ̀ yìí ná.”

Bí a ti ń bá a fa ọ̀rọ̀ yìí, agbo màlúù kan kọjá wa lọ. Èmi tí mo fẹ́ máa da eruku bo bọ́ọ̀sì, eruku màlúù ni mo jẹ dé Ìsẹ́yìn.

Ìyá Ìsẹ́yìn gbọ́ wa láti inú yàrá. “Ta ló gbé ẹ̀rọ èlùbọ́ wá sójúde mi?”

“Èmi ni, ẹ̀gbọ́n mi. Ọkọ̀ wa ni.”

Ó fara ti ògiri jáde. Ó wo ọkọ̀ náà títí, ẹ̀rín sì mú un tó bẹ́ẹ̀ tí a fi dì í mú kó má bàa ṣubú. Lẹ́yìn náà ó nu ojú rẹ̀. “Ṣé ẹ ṣèwádìí rẹ̀?”

“Dáadáa.”

“Ó dáa náà.” Ó wọlé sínú ọkọ̀, ó jókòó.

Ó jẹ iṣu tuntun nílé bàbá rẹ̀ kó tó kú. Bàbá mi náà ti lọ bá a báyìí. Àwọn oníirin ti kó ọkọ̀ lọ, Ìyá Ẹlẹ́rọ sì ti gba ẹ́ńjìnnì rẹ̀ padà nígbà tí ti sólà bàjẹ́. Bó bá tan án láàárọ̀, àwọn obìnrin àdúgbò á gbé agbada wọn, wọ́n á jáde. Èmi náà máa ń dìde. Ìgbà tí mo bá ti ṣí géètì sílẹ̀ gbayawu fún ọkọ̀ láti wọlé ni mo máa ń rántí pé èlùbọ́ ni wọ́n ń lọ̀.