Omi Tí A Fi Du Awakọ̀

Ìyá àgbà dé ọmọrí lé ìkòkò omi, wọ́n fa àpótí sún mọ́ ọn, wọ́n sì jókòó tì í bí ẹni tó ń ṣọ́ ewúrẹ́. Ọ̀sán gangan ni. Òórùn ẹ̀gẹ́ tí a rẹ gba gbogbo àgbàlá wa l'Ókukù. Èmi ń bẹ ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́, mo sì ń wo awakọ̀ lọ́rì tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, tó ń fi ẹ̀wù nu òógùn.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, omi díẹ̀."

"Kò sómi."

Ìkòkò náà kún dẹ́múdẹ́mú. Ìyá àgbà yìí kan náà ni kì í jẹ́ kí àlejò kí wọn tán tí wọn yóò fi gbé omi fún un.

Ilé iṣẹ́ tó ń fi ẹ̀gẹ́ ṣe sítáàṣì ní Ìkìrun, tó rán lọ́rì náà wá, ló fà á. Àwọn nìkan ló ń rà lọ́pọ̀, àwọn nìkan ló ń dá iye, ohun tí wọ́n sì ń san kò tó fún àwọn tó ń bá wa wú u lóko. Ìyá àgbà kó àwọn obìnrin àdúgbò jọ, wọ́n fẹnu kò pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ tà fún wọn mọ́ títí wọn yóò fi fowó kún un. Níbẹ̀ lẹnì kan ti ní kí a má fún àwọn èèyàn wọn ní ìjókòó, kí a má fún wọn lómi. Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́, Ìyá àgbà náà pàtẹ́wọ́.

"Ọmọ Inísà ni mí, mà. Mo kàn ń wakọ̀ ni. Èmi gan-an ò rí ọ̀gá ilé iṣẹ́ yẹn rí."

"Lọ sọ fún ẹni tó rán ẹ." Wọn kò wo ojú rẹ̀.

Ó padà sídìí lọ́rì. Ó gbé kẹ́ẹ̀gì tó fi ń bu omi sí ẹ́ńjìnnì, ó gbé orí sókè, ó mu ún. Ìpẹtà ti sọ omi náà di pupa. Ìyá àgbà dìde díẹ̀, wọ́n wo àwọn obìnrin tó ń yan gàrí lódìkejì títì, wọ́n tún jókòó.

Kò pẹ́ tí ilé iṣẹ́ náà fi fowó kún un. Àwọn èèyàn ń jó. Ìyá àgbà mú mi lọ́wọ́, ó di Inísà, a ń wá awakọ̀ yẹn kiri gáréèjì. Wọ́n ní ọjọ́ tó gbé lọ́rì òfìfo padà sí Ìkìrun ni wọ́n ti lé e níṣẹ́, kò sì sẹ́ni tó mọ ibi tó gbà lọ.

"Ọ̀gá wọn ò mọ̀ pé òùngbẹ gbẹ ẹnikẹ́ni," ni Ìyá àgbà wí nínú ọkọ̀ tí a wọ̀ bọ̀. "Ọmọ ọlọ́mọ ni mo fìyà jẹ."

Láti ìgbà tí mo ti dàgbà, èmi náà ti bá àwọn tó ń fẹ̀hónú hàn gbé páálí lójú títì Ìkìrun, n ó sì tún gbé e, torí ẹni bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti ní ká di ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́ kan pa, mẹ́gáàdì tó dúró síbẹ̀ ni mo kọ́kọ́ máa ń wò, ara mi kì í sì í balẹ̀. A jàre nígbà yẹn. Èrè ìjà náà ni Ìyá àgbà fi rán mi níwèé. Síbẹ̀, ojú ń tì mí.