Ojú Tí Tọ́lá Mọ̀, Ojú Tí Mo Ní Lọ́kàn

Ẹ fara balẹ̀, kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi nílé ọmọ mi ní Alief, nílùú òyìnbó níbí. Ó ti tó oṣù méjì, àmọ́ mo ṣì ń gbọ́ igbe náà létí.

Àsìkò tí eruku òdòdó igi máa ń sọ gbogbo mọ́tò di yẹ́lò ni. Ojú ọmọ-ọmọ mi, Tọ́lá, ọmọ ọdún mẹ́jọ, pọ́n, ó ń yún un, ó ń ra á ṣáá. Mo pe ìyá rẹ̀ níbi iṣẹ́. Ó ní oògùn alẹ́jì tí dókítà fún un wà ní báfúrúùmù, kí n kán ẹyọ kan péré sí ojú kọ̀ọ̀kan.

Mo ní kí Tọ́lá lọ mú oògùn ojú wá.

Ó mú ìgò kékeré kan dé. Èmi ò mọ ìwé òyìnbó kà, lẹ́tà ara rẹ̀ sì rí bí èèrà. Mo bi í bóyá oògùn ojú ni lóòótọ́.

"Yes, Grandma! Mommy máa ń fi sí ojú every morning."

Kí ni mo tún fẹ́ bèèrè? Mo kán an sójú ọ̀tún.

Háà! "Grandma, it's burning! Ẹ yọ ọ́!"

Mo gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ omi, mo ń da omi sí i lójú. Mo tún pe ìyá rẹ̀. Ó ní n má dá omi dúró o, irú ìgò wo ni? Mo ní ó dúdú díẹ̀. Ó ní:

"Màámi, oògùn irorẹ́ mi nìyẹn."

Ṣé ẹ rí i? "Lọ bọ́jú" ni mo máa ń sọ fún un láràárọ̀. Face ló mọ̀ sí ojú, kì í ṣe ẹyinjú. Èmi ni mo kọ́ ọ!

A gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà, ó ní ẹyinjú rẹ̀ bó díẹ̀, omi yẹn ló gbà á. Ó ti ń ríran dáadáa, ọpẹ́ ni. Ṣùgbọ́n tí mo bá mú ìgò èyíkéyìí dání, á fọwọ́ méjèèjì bojú, á máa fẹ̀yìn rìn.

Ẹ̀yin ìyá àgbà, ẹ jẹ́ kẹ́ni tó mọ̀wé ka orúkọ oògùn àti ọjọ́ tó máa bàjẹ́ kẹ́ ẹ tó ṣí i. Ẹ fọwọ́ yín, ẹnu ìgò ò gbọdọ̀ kan ojú, ẹ má sì lo ti ẹlòmíì. Tó bá ń ro ọmọ lójú, dókítà ni kẹ́ ẹ wá.

Ta ni irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí? Ẹ bá mi kọ ọ́ síbí: báwo lẹ ṣe ṣe é tí ọmọ náà ò fi bẹ̀rù yín mọ́?