Pánù Tí Wọn Ò Fún Ọkọ Mi

Oko ni èmi àti ọkọ mi wà ní ọ̀sán tí wọ́n dáná sun ilé wa. Ọdún ìjà ìbò ni, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú ń fi iná bá ara wọn sọ̀rọ̀ káàkiri ilẹ̀ Ìkálẹ̀. Ọkọ mi kò ṣe ẹgbẹ́ kankan. Aládùúgbò wa ló ń ṣe é, òun ni wọ́n wá bá, ṣùgbọ́n ilé rẹ̀ àti tiwa fara kan ara wọn, ewé ògùrọ̀ sì ni a fi bo tiwa. Nígbà tí a dé, ògiri nìkan ló kù. Mo sọ igi ìdáná tí mo rù kalẹ̀, mo sì tò ó dáadáa sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, bí ẹni tó fẹ́ se oúnjẹ alẹ́. N kò mọ ìdí tí mo fi ṣe bẹ́ẹ̀.

Kì í ṣe pé a kò mọ ẹni tó dáná. Ọkùnrin kan tó ń ra èkùrọ́ ní ọ̀nà Ìlútítun ni. Ojú mọ́mọ́ ló fi gbé gálọ́ọ̀nù bẹntiróòlù kọjá láàárín ọjà, kò bojú, kò sáré. Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá wá láti Òkìtìpupa, kò sí ẹni tó rí nǹkan kan. Ó dà bíi pé gbogbo wa ni ojú wa fọ́ lọ́jọ́ náà. Kò pẹ́ sí i, àwọn èèyàn aládùúgbò wa lọ sun ilé olùra èkùrọ́ náà. Ìyẹn náà, kò sí ẹni tó rí i.

A ta àtíbàbà sẹ́yìn ògiri, àwa àti àwọn ọmọ wa mẹ́ta. Obìnrin ni àbíkẹ́yìn, kò tíì lè rìn dáadáa, ikọ́ sì ti wà láyà rẹ̀ kí iná náà tó jó. Ẹ̀ẹ̀rùn ló jẹ́ kí ó ṣeé fara dà. Ẹni tó bá mọ òjò apá ọ̀dọ̀ wa mọ̀ pé kì í ṣe òjò tí ọmọ oníkọ́ ń dúró dè lábẹ́ àtíbàbà. Ohun tí mo ń rò ní gbogbo ìgbà náà kò ju òrùlé lọ. N kì í sunkún. Àwọn obìnrin wá bá mi dárò, èmi ni mo ń sọ fún wọn pé kí wọ́n má sunkún mọ́.

Lẹ́yìn tí àwọn ológun gba ìjọba, àwọn ọmọ ìlú wa tó wà ní Èkó dáwó jọ, wọ́n ra pánù ránṣẹ́ sí àwọn tí ilé wọn jó. Wọ́n rán ìgbìmọ̀ kékeré kan tẹ̀ lé e. Àṣẹ kan ṣoṣo ni wọ́n pa: pánù náà kò gbọdọ̀ bọ́ sọ́wọ́ ọ̀daràn. Àwọn tó ń dáná sunlé ni wọ́n ní lọ́kàn. Àṣẹ tó dára ni, èmi náà sì ṣe àmín sí i.

Mo ní láti sọ èyí nípa ọkọ mi. Kí n tó fẹ́ ẹ ni ó ti jalè. Àpò èkùrọ́ ni ó gbé ní ilé ìkẹ́rùsí kan létí odò, wọ́n mú un, ó sì ṣẹ̀wọ̀n. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ẹlòmíràn ló rù, kò sì sẹ́ ẹ. Iṣẹ́ káfíńtà ni wọ́n kọ́ ọ lẹ́wọ̀n. Nígbà tó dé, òun ló ń kan òrùlé gbogbo ẹni tó bá lówó àtira pánù, láti ọ̀dọ̀ wa títí dé Àyèká. Tiwa kò kúrò ní ewé. Àwọn ará ìlú ti gbàgbé ọ̀rọ̀ ẹ̀wọ̀n náà, tàbí kí n sọ pé wọ́n gbé e tì. Àwọn ará Èkó kò mọ̀ rárá.

Ilé ẹ̀kọ́ ni ìgbìmọ̀ náà ti jókòó. Wọ́n ń pe èèyàn lọ́kọ̀ọ̀kan kó wá sọ ohun tó pàdánù. Ọmọ ìjọ Aládùúrà ni wá, nínú ìjọ wa, ẹni tó bá fẹ́ tọrọ nǹkan níwájú àgbà yóò bọ́ bàtà, yóò kúnlẹ̀, yóò sì kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀, kí ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ má baà ní ìdènà. Nígbà tó kan ọkọ mi, mo rí i tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tó ń tú okùn bàtà. Mo mọ ohun tó ń bọ̀. Ó kúnlẹ̀, ó jẹ́wọ́ èkùrọ́, ó jẹ́wọ́ ẹ̀wọ̀n, lẹ́yìn náà ló wá ní ilé òun jó. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Alága wo akọ̀wé, akọ̀wé wo ilẹ̀. Alága ní, “Ẹ má bínú, bàbá. Ẹni tí ilé ẹjọ́ ti dá lẹ́bi ni à ń pè ní ọ̀daràn. A kò lè lọ sọ fún àwọn tó dáwó pé olè la fún.”

Ìyá àgbà kan, olórí àwọn obìnrin ọjà, dìde. Ó ní, “Ṣé uná bi í léèrè kó tó jó ulé rẹ̀? Ọmọ rẹ̀ tó ń húkọ́ ńkọ́, ẹ̀wọ̀n wo lòun ṣe?”

Alága ní ọ̀rọ̀ màmá dára, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ṣí ìlẹ̀kùn fún ẹnì kan, ta ni wọn yóò tún tì í mọ́? Àwọn kan mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo rò ó lọ, mo rò ó bọ̀, n kò sì lè sọ pé ó purọ́. Ọkọ mi dìde, ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀, ó sì wá jókòó tì mí.

Ẹni tí wọ́n pè tẹ̀ lé e ni olùra èkùrọ́. Bàtà wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó ka ohun tí iná jó nílé rẹ̀, ó fọwọ́ nu ojú. Wọ́n bi í bóyá ó ti ṣẹ̀wọ̀n rí. Ó ní rárá, òótọ́ sì ni. Gbogbo ilé dákẹ́, àfi àwọn tó ń wúkọ́ tí ikọ́ kò ṣe. Èmi náà dákẹ́. Wọ́n fún un ní pánù.

Mo ń retí kí inú bí mi. Kò bí mi. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn bá sùn lé apá rẹ̀ tí apá náà kú, tó wá ń fọwọ́ kejì gbé e.

Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, àwọn tó gba pánù ń wá ọkọ mi, nítorí òun ni káfíńtà. Ó ń lọ. Nígbà tí olùra èkùrọ́ ránṣẹ́ sí i, mo dúró sí ẹnu àtíbàbà, mo bi í pé, “Baálé mi, tọkùnrin yẹn náà?”

Ó gbé òòlù rẹ̀. “Uṣẹ́ ni,” ló sọ.

Mo gbé oúnjẹ lọ fún un níbẹ̀ ní ọjọ́ tó ń parí rẹ̀, ọmọ wà lẹ́yìn mi. Bí mo ṣe dé ni òjò àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Ìyàwó ilé fa ọwọ́ mi wọlé. Mo dúró lábẹ́ òrùlé tí ọkọ mi kàn, òjò ń lù ú gbàǹgbàǹgbà, ẹ̀kán omi kan kò kán sílẹ̀. Ọmọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Olùra èkùrọ́ wo ọmọ náà, ó wo ilẹ̀. Ó wọ yàrá lọ, ó fa pánù kan tó ṣẹ́ kù jáde, etí rẹ̀ kan ti tẹ̀. Kò wo ojú mi. Ó ní, “Ẹ bá wa mú un lọ, ìyàwó wa.”

Ọkọ mi ti wọlé, omi ń kán lára rẹ̀. Ó ní, “A dúpẹ́, sà. Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀.”

Èmi gbà á. Mo kúnlẹ̀, mo ní ẹ ṣeun sà, mo gbé e rù kó lè bo ọmọ tó wà lẹ́yìn mi, a sì bọ́ sínú òjò. Ọkọ mi ń lọ níwájú títí a fi délé. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó fi òòlù lu etí tó tẹ̀ náà tọ́, ó sì kàn án mọ́ igi lókè ibi tí àwọn ọmọ ń sùn. Abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n sùn ní gbogbo òjò ọdún yẹn. Èmi àti bàbá wọn wà lábẹ́ ewé.